Ọjọ́ tí ò sí nínú tébù

Rípọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ tí mo kọ lórí dátábéèsì, ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ò le rárá. Ẹni tó ń lò ó á mú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, èmi á wá fi iye ọ́dà, ìyẹn ọjà tí àwọn oníbàárà ní ká tà fún àwọn, tó wọlé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan hàn án. Mo jókòó, mo kọ lúùpù, kóòdù tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra, tó ń fi kúẹ́rì, ìyẹn ìbéèrè, ránṣẹ́ sí dátábéèsì: ọjọ́ kan, kúẹ́rì kan, ọjọ́ kejì, kúẹ́rì kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò, ó jáde wàá, mo gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà tí ẹnì kan wá mú ọdún kan gbáko ni ọ̀rọ̀ yí padà, ojú ewé yẹn kàn ń yí ni, kò ṣí, torí pé kúẹ́rì 365 ni kóòdù mi ń rán sí dátábéèsì, kì í sì í ṣe pé ó ń rán wọn pọ̀ o, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ kó dé kí èkejì tó gbéra.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní àlọ àti àbọ̀ kúẹ́rì kan jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdì 20 péré, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára, tí ẹ bá fi 365 ṣe ìlọ́po ẹ̀, ó ti lé ní sẹ́kọ́ńdì 7. Ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ó ti lé ní sẹ́kọ́ńdì 21, èyí sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, a ò tíì sọ ti èèyàn púpọ̀ tó ń ṣí ojú ewé kan náà pọ̀. Iṣẹ́ tí dátábéèsì ń ṣe gan-an nínú kúẹ́rì kọ̀ọ̀kan kéré, ìrìn ló ń jẹ àkókò. Bíi kéèyàn rán ọmọ pé kó lọ gbé ìwé kan wá nínú yàrá, ó gbé e dé, ẹ tún ní kó padà lọ gbé òmíì, nígbà tó jẹ́ pé ẹ mọ gbogbo ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kó tó dìde rárá.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa sọ fún yín lẹ́yìn ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ lo GROUP BY, àṣẹ kan nínú SQL, èdè tá a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, èmi náà sì lò ó. Kúẹ́rì kan ṣoṣo, kó ṣa gbogbo ọ́dà tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, kó pín wọn sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó kà wọ́n. Ó yá kánkán, ojú ewé ṣí kíá. Ìṣòro tó tẹ̀ lé e ló kọ́ mi ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ lónìí, torí òun ni mi ò tètè rí: àwọn ọjọ́ kan ti pòórá nínú rípọ́ọ̀tù. Mo mú oṣù kan tó ní ọjọ́ 30, ìlà 26 ló jáde. Ọjọ́ mẹ́rin tí ọ́dà kankan ò wọlé, kò sí òdo níwájú wọn, àwọn fúnra wọn gan-an ni ò sí níbẹ̀. Gíráàfù wá fa ìlà gbọọrọ láti Friday dé Monday bí ẹni pé nǹkan ń lọ déédéé ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó ń wò ó ò sì lè mọ̀ láé pé ọjà ò tà rárá lọ́jọ́ méjèèjì. Nǹkan tó sì burú jù níbẹ̀ ni ìpíndọ́gba, torí 26 la fi pín in dípò 30, a sì ń rò pé a ń tà ju bá a ṣe ń tà lọ.

Kí ló fà á? Dátábéèsì ò mọ kàlẹ́ńdà yín. Ohun tó wà nínú tébù, ìyẹn àtẹ onílàà àti kọ́lọ́mù tó ń kó dátà sí, nìkan ló mọ̀. GROUP BY máa ń pín ohun tó bá rí ni, kò lè dá ọjọ́ tí kò rí sílẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan ò ṣẹlẹ̀ ò fi ìlà kankan sílẹ̀ nínú tébù ọ́dà, torí náà lójú dátábéèsì, ọjọ́ yẹn ò wáyé. Ṣé ẹ rí i, lúùpù mi àtijọ́ tó ń falẹ̀ yẹn ní làákàyè kan tí GROUP BY ò ní: ó kọ́kọ́ mọ ọjọ́, ó wá lọ béèrè nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ ló ṣáájú, dátà ló tẹ̀ lé e. Ohun tó kù ni ká mú làákàyè yẹn wọnú dátábéèsì fúnra ẹ̀, ká kọ́kọ́ to gbogbo ọjọ́ jọ bíi tébù, ká wá so ọ́dà mọ́ wọn lára.

Oríṣiríṣi dátábéèsì ló wà. Tó bá jẹ́ PostgreSQL lẹ̀ ń lò, ó ti ní fọ́ńṣọ̀n kan, generate_series, tó máa ń to ọjọ́ jọ fún yín, LEFT JOIN ló sì máa so ọ́dà mọ́ wọn:

SELECT k.d::date AS ojo, COUNT(o.id) AS iye
FROM generate_series(TIMESTAMP '2024-02-01',
                     TIMESTAMP '2024-02-29',
                     INTERVAL '1 day') AS k(d)
LEFT JOIN oda o
  ON o.created_at >= k.d
 AND o.created_at < k.d + INTERVAL '1 day'
GROUP BY k.d
ORDER BY k.d;

Ìlà 29 ló máa jáde, ì báà jẹ́ ọ́dà ẹgbẹ̀rún ló wà nínú oṣù yẹn, ì báà má sí ẹyọ kan. Àmọ́ ibi mẹ́ta wà níbẹ̀ tí mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣubú, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Àkọ́kọ́, COUNT(o.id) ni mo kọ, mi ò kọ COUNT(*), torí pé LEFT JOIN máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ fún ọjọ́ tó ṣófo, COUNT(*) á ka ìlà yẹn, ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ á wá gba 1 dípò 0. Ìkejì, tó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́ rò pọ̀, SUM á fún yín ní NULL, ìyẹn ni pé kò sí iye kankan níbẹ̀, lọ́jọ́ tó ṣófo, torí náà ẹ fi COALESCE wé e kó lè di òdo. Ìkẹta yìí ló máa ń dùn mí jù torí kì í fi ara hàn: ká ní ọ́dà tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ kà, tẹ́ ẹ wá lọ kọ o.status = 'paid' sínú WHERE, ibi tí kúẹ́rì ti ń ṣa ìlà tó máa kù, gbogbo ọjọ́ tó ṣófo á tún pòórá padà, torí pé status wọn jẹ́ NULL, NULL ò sì bá 'paid' dọ́gba. Inú ON, ibi tá a ti sọ bí ọ́dà ṣe so mọ́ ọjọ́, ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ ti ṣe làálàá tó pọ̀ láti kó àwọn ọjọ́ yẹn wọlé, WHERE kan ṣoṣo ló sì lè lé wọn jáde, kò sì ní sí ẹ́rọ̀ kankan tó máa sọ fún yín.

Tí tébù yín bá tóbi gan-an, ẹ kọ́kọ́ ṣe GROUP BY ọ́dà náà nínú kúẹ́rì kékeré kan sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá so àbájáde ẹ̀ mọ́ àwọn ọjọ́. Ó sábà máa ń yá ju kẹ́ ẹ ní kí dátábéèsì máa wá ọ́dà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ń lo MySQL, ẹ ò ní generate_series, ṣùgbọ́n látìgbà tí 8.0 ti jáde ní 2018 lẹ ti ní WITH RECURSIVE, kúẹ́rì tó ń pe ara ẹ̀ léraléra, òun náà á bá yín ṣe é:

WITH RECURSIVE kalenda AS (
  SELECT DATE '2024-01-01' AS d
  UNION ALL
  SELECT d + INTERVAL 1 DAY FROM kalenda
  WHERE d < '2024-12-31'
)
SELECT d FROM kalenda;

SQLite náà ní WITH RECURSIVE, date(d, '+1 day') lẹ máa fi sún ọjọ́ síwájú níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún òté o, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n gbà kí kúẹ́rì yẹn yí. MySQL ò ní jẹ́ kó yí ju ìgbà 1,000 lọ àyàfi tẹ́ ẹ bá gbé cte_max_recursion_depth sókè, ìyẹn ni pé ọdún kan á lọ, ọdún méjì á lọ, ọdún mẹ́ta á wá kọ̀. Ti SQL Server tún kéré sí i, 100 ni, bíi oṣù mẹ́ta lé díẹ̀, àfi kẹ́ ẹ fi OPTION (MAXRECURSION 0) sí ìparí kúẹ́rì. Mo fẹ́ràn pé wọ́n máa ń pariwo nígbà tí òté bá pé, ẹ́rọ̀ ló máa jáde, kò ní fún yín ní ìdajì ọjọ́ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi oṣù kan dán iṣẹ́ ẹ̀ wò nìkan ò ní mọ̀ títí dìgbà tí ẹlòmíì bá mú oṣù mẹ́rin.

Èmi fúnra mi, tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó máa pẹ́, mi ò kí ń dá ọjọ́ sílẹ̀ nígbà tí kúẹ́rì bá ń sáré mọ́. Mo máa ń ṣe tébù kàlẹ́ńdà gidi kan, ìlà kan fún ọjọ́ kan, mo sì ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé á gba àyè, àmọ́ ọdún mẹ́wàá ò ju ìlà 3,653 lọ, ìyẹn ò tó nǹkan fún dátábéèsì kankan. Adùn ẹ̀ ni pé ẹ lè kọ ohun tí fọ́ńṣọ̀n ò lè mọ̀ sínú ẹ̀: ṣé ọjọ́ iṣẹ́ ni àbí ọjọ́ ìsinmi, ọ̀sẹ̀ wo ló wà, oṣù ìṣirò owó wo ló bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan tó ìdí láti ní in, torí pé Monday ni ọ̀sẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ISO 8601, ìlànà àgbáyé lórí kíkọ ọjọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún sì ni èyí tí Thursday àkọ́kọ́ ọdún náà wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pe WEEK nínú MySQL láìfi nǹkan kan kún un, Sunday ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn méjì nínú ilé iṣẹ́ kan náà lè máa jiyàn lórí iye tí wọ́n tà ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí àwọn méjèèjì sì jàre. Tó bá ti wà nínú tébù, ọ̀rọ̀ ti tán, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn á ti máa kà á.

Wàyí o, ọjọ́ ìparí. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. Tẹ́nì kan bá ní òní ìjẹjọ la máa ríra, ọ̀sẹ̀ kan síra ló ń sọ, ọjọ́ méje ló wà láàárín, ṣùgbọ́n ẹjọ la pè é torí pé a ka òní mọ́ ọn. Ọ̀tunla náà, ọjọ́ kẹta la pè é, òní ni kìíní ẹ̀. A máa ń ka etí méjèèjì ni. Bí BETWEEN, ọ̀rọ̀ tí SQL fi ń sọ pé láàárín ibí sí ibẹ̀, ṣe ń ka nǹkan náà nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹ̀, ìparí wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń bá wa lára mu tá a bá kọ́kọ́ rí i. Kò sì sí wàhálà tó bá jẹ́ pé ọjọ́ lásán ló wà nínú kọ́lọ́mù. Àmọ́ kọ́lọ́mù tó ní ọjọ́ àti aago pọ̀, tẹ́ ẹ bá kọ BETWEEN '2024-02-01' AND '2024-02-29', dátábéèsì á ka ìparí yẹn sí aago méjìlá òru tí ọjọ́ 29 bẹ̀rẹ̀. Ọ́dà tó wọlé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà ti bọ́ síta. Gbogbo ọjọ́ 29 ti lọ, àfi èyí tó bá wọlé ní òru gan-an. Mo ti rí rípọ́ọ̀tù oṣù tó ṣe báyìí fún ìgbà pípẹ́, ẹni kankan ò fura torí nọ́ńbà tó ń jáde jọ òótọ́.

Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ máa ń sáré ṣe ni kí wọ́n kọ '2024-02-29 23:59:59'. Kò tó. Ọ́dà tó wọlé nígbà tí sẹ́kọ́ńdì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àmọ́ tí kò tíì parí ńkọ́? Wọ́n á wá fi .999 sí i. Nínú SQL Server, kọ́lọ́mù tó bá jẹ́ datetime máa ń pín sẹ́kọ́ńdì kan sí ìdá 300, 23:59:59.999 ò bọ́ sí orí èyíkéyìí nínú wọn, torí náà ó máa sún un síwájú di aago méjìlá òru ọjọ́ kejì, ọ́dà oṣù kẹta tó bá wọlé ní òru gan-an á sì wọnú ti oṣù kejì. Ẹ ò rí i pé bá a ṣe ń lé e ló ń sá. Ohun tó mú un dúró ni kẹ́ ẹ má wá ìgbà tí ọjọ́ parí rárá, ìgbà tí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá:

WHERE created_at >= '2024-02-01'
  AND created_at <  '2024-03-01'

Ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú, ìparí wà níta. Ẹ ò nílò láti mọ̀ bóyá oṣù kejì ní 28 tàbí 29, ẹ ò nílò láti mọ bí aago dátábéèsì ṣe ń gé sẹ́kọ́ńdì sí wẹ́wẹ́. Edsger Dijkstra, ará Netherlands tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1982 pé bó ṣe yẹ ká máa kọ àlà nọ́ńbà nìyí, nínú ìdí tó sì sọ ni pé tẹ́ ẹ bá yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ìparí, iye tó wà láàárín ló máa kù gẹ́lẹ́, àti pé ibi tí ọ̀kan parí sí ni èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí àlàfo, kò sí àgbéléra. Tí olùlò bá mú ọjọ́ 29 lójú ewé, ó ń ka ọjọ́ bíi tiwa, etí méjèèjì, ẹ jẹ́ kó máa kà á bẹ́ẹ̀, kóòdù yín ló máa fi ọjọ́ kan kún un kó tó dé inú kúẹ́rì.

Nǹkan míì wà lára ẹ̀ tó jọ mọ́ ìyára. Àwọn kan máa ń sá fún gbogbo ìyẹn nípa kíkọ DATE(created_at) = '2024-02-29'. Ìdáhùn ẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ ti fi fọ́ńṣọ̀n wé kọ́lọ́mù, índẹ́ẹ̀sì, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ìlà, tó wà lórí created_at ò wúlò mọ́ fún kúẹ́rì yẹn, dátábéèsì á wá máa yẹ gbogbo ìlà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kọ́lọ́mù sílẹ̀ ní ìhòòhò, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wá ni kẹ́ ẹ máa tún ṣe.

Oṣù náà ní tiẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní, tẹ́ ẹ bá fi oṣù kan kún un, kí ló máa jẹ́? Nínú PostgreSQL àti MySQL, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejì ni. Nínú PHP, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ó máa ré kọjá lọ bọ́ sínú oṣù kẹta. Kódà ti PostgreSQL, tẹ́ ẹ bá ní kí generate_series máa fi oṣù kan kan gbéra láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023, á dé 28 oṣù kejì, á wá tibẹ̀ bọ́ sí 28 oṣù kẹta, kò ní padà sí 31 mọ́ láé torí ibi tó bá dúró sí ló ti ń ka èyí tó kàn. Tó bá jẹ́ oṣù lẹ fẹ́ yí po, ọjọ́ kìíní oṣù ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ kan jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 86,400. Lọ́pọ̀ ìgbà ni, kì í ṣe nígbà gbogbo. Ní New York, ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2024 jẹ́ wákàtí 23, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún yẹn jẹ́ wákàtí 25, torí wọ́n máa ń sún aago síwájú sẹ́yìn níbẹ̀. Lúùpù tó bá gbéra ní aago méjìlá òru ọjọ́ 3 yẹn tó fi 86,400 kún un, aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 3 kan náà ló máa bá ara ẹ̀, ọjọ́ kan á jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú rípọ́ọ̀tù. Ẹ ní kí èdè tẹ́ ẹ fi ń kọ kóòdù fi ọjọ́ kan kún un, ẹ má fi sẹ́kọ́ńdì kún un. Àpẹẹrẹ tí mi ò lè gbàgbé ni ti Samoa: ìlú náà kọjá sí ìhà kejì ìlà tó pín ọjọ́ lórí òkun Pacific ní ìparí 2011, wọ́n sùn ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá, wọ́n jí ní ọjọ́ 31. Ọjọ́ 30 ò wáyé fún wọn rárá. Generate_series á kó o jáde o, LEFT JOIN á fún un ní òdo, òdo yẹn ò sì ní jẹ́ òótọ́, torí kì í ṣe pé ọjà ò tà, ọjọ́ ni ò sí. Ẹ rí ìwúlò tébù kàlẹ́ńdà níbẹ̀, ẹ lè yọ ọjọ́ kan kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra lúùpù. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló tọ́ sí, ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa dátà tó ti pẹ́ rẹ́ tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ tún kọ́lọ́mù kan ṣe nínú tébù tó ní àìmọye ìlà. Tẹ́ ẹ bá ní kó pa ọdún márùn-ún rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ti àwọn ìlà yẹn pa mọ́ àwọn èèyàn míì tó ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, tó bá sì kùnà ní agbede méjì, gbogbo ẹ̀ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan kan ni kẹ́ ẹ máa mú níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ nínú, ìparí níta, kẹ́ ẹ ṣe COMMIT kí dátábéèsì lè fi ohun tẹ́ ẹ ṣe pamọ́ pátápátá, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé sílẹ̀ síbì kan, kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ mú èyí tó kàn. Tí iná bá lọ tàbí tí sáfà, kọ̀ǹpútà tí dátábéèsì wà lórí ẹ̀, kú, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ padà.

Rípọ́ọ̀tù mi yẹn, kúẹ́rì kan ṣoṣo ló dà nígbẹ̀yìn, tébù kàlẹ́ńdà lápá òsì, ọ́dà lápá ọ̀tún. Kí n tó gbé irú ẹ̀ jáde báyìí, mo máa ń fi oṣù kejì 2024 dán an wò kí n rí ìlà 29, mo máa ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo dán an wò, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí jẹ́ ọjọ́ kan náà, mo máa ń wá ọjọ́ tí mo mọ̀ dájú pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ kí n fi ojú ara mi rí òdo níwájú ẹ̀, mo sì máa ń fi ìparí ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, torí pé generate_series ò ní bínú tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní fún yín ní ìlà kankan ni, ojú ewé á ṣófo, olùlò á sì gbà pé kò sí ọ́dà.